Ẹ bá mi dá sí ìṣirò ìdá o: yíyọ kúrò àti pínpín fún ọmọ CM2

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ìbejì mi wà ní CM2, kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí ní Bẹ̀nẹ̀, CEP tí í ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́nà. Ti Kẹ́hìndé kò le. Ti Táyé ló ká mi lára. Ọmọ yìí mọ ìròpọ̀, ó mọ ìsọdipúpọ̀ láti orí 2 dé orí 12 láì wo ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé odidi tó ní ìdá lẹ́yìn síwájú rẹ̀, tí wọ́n ní kó yọ ọ́ kúrò tàbí kó pín in, ojú rẹ̀ á yí padà.

Lánàá mo jókòó tì í. Mo rí èyí nínú ìwé rẹ̀: 5 1/4 − 2 3/4. Ó kọ 3 2/4. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí i, wọn ò kọ nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Táyé, báwo lo ṣe ṣe é?" Ó ní, "Màmá, 2 kúrò nínú 5 ku 3. 1 kúrò nínú 3 ku 2. 4 ló wà nísàlẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo wò ó títí, èmi gan-an ò rí ibi tó ti ṣì í.

Èkejì le ju ìyẹn lọ: 3 3/4 ÷ 1 1/2. Ó kọ 3 3/2. Wọ́n tún fa ìlà pupa.

Àkàrà ni mo ń dín, CE2, kíláàsì méjì sí CM2, ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Faransé inú ìwé yẹn ni kò jẹ́ kí n lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, kí n lè jókòó ti ọmọ mi kí n sì mọ ohun tí mò ń wí.

Aránṣọ Kétu

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Olúwa á bá wa wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ sọ ọ́, torí ohun tí mò ń fojú rí lójoojúmọ́ nìyẹn.

Mo ní aṣọ ọ̀pá 5 1/4 lórí tábìlì. Oníbàárà fẹ́ ọ̀pá 2 3/4. Mo kọ́kọ́ gé odidi 2 kúrò, ó ku 3 1/4. Ó wá ku 3/4 tí mo máa gé. Mo wo ègé tó wà létí aṣọ, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni. Kò tó. Ṣé mo lè bẹ aṣọ pé kó jẹ́ kí n yọ 1 kúrò nínú 3 dípò rẹ̀? Rárá. Ọ̀kan nínú odidi 3 yẹn ni mo máa nà sílẹ̀, n ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lára kó di ọ̀nà mẹ́rin. Mẹ́rin yẹn pẹ̀lú ẹyọ kan tó ti wà létí tẹ́lẹ̀, ó di márùn-ún. Ó ti tó gé báyìí. Mo yọ 3 nínú 5, ó ku 2. Odidi tó ṣẹ́kù jẹ́ 2. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 2 2/4, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀pá méjì ààbọ̀.

Bí yóò ṣe kọ ọ́ sínú ìwé:

5 1/4 = 4 5/4
4 5/4 − 2 3/4 = 2 2/4 = 2 1/2

Ibi tí Táyé ti ṣì í rèé: ó rí 1, ó rí 3, ó gbà pé kékeré ni wọ́n máa ń yọ kúrò nínú ńlá. Ìwé ò ní kó yọ 1 nínú 3. 3 ni wọ́n ní kó yọ nínú 1, ìyẹn ni kò sì ṣeé ṣe àfi tó bá tú odidi kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà ń ṣe irú rẹ̀. Mi ò kì í pariwo mọ́ wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n so ó pọ̀ padà ni. 3 2/4 tí Táyé kọ yẹn, kó ro ó mọ́ 2 3/4, yóò rí 6 1/4. Aṣọ ọ̀pá 5 1/4 kò lè di 6 1/4 lẹ́yìn tí a ti gé e. Bí ọmọ bá fojú ara rẹ̀ rí ìyẹn, kò ní dúró de bírò pupa mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ 6ème (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Lọ́dún tó kọjá tí èmi ṣe CEP, kí n tó wọ 6ème tí í ṣe kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di ìdá lásán kí n tó yọ ọ́. 5 1/4: 5 lọ́nà 4 jẹ́ 20, 1 lé e, 21/4. 2 3/4: 2 lọ́nà 4 jẹ́ 8, 3 lé e, 11/4. 21/4 − 11/4 = 10/4 = 2 1/2. Kò sí títú odidi rárá, kò sì sí ibi tí ẹsẹ̀ lè ti yọ̀.

Elépo Wàńdó

Ìyá Ìbejì, ọ̀nà tí èmi mọ̀ kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò tíì já mi kulẹ̀ rí. Tí oníbàárà bá ra epo 2 750 séfà, tó fún mi ní bébà 5 000, mi kì í yọ nǹkan kan kúrò. Mo máa ń kà lọ sókè ni. Mo gbé ẹyọ owó 250 lé e lọ́wọ́, mo ní "ẹgbẹ̀rún mẹ́ta." Mo gbé bébà ẹgbẹ̀rún kan lé e, "mẹ́rin." Mo tún gbé ọ̀kan lé e, "márùn-ún." Owó ìyókù rẹ̀ ti pé sí i lọ́wọ́, 2 250.

Ìṣirò Táyé kò yàtọ̀ sí i. Láti 2 3/4 dé 3, 1/4 ni. Láti 3 dé 5, 2 ni. Láti 5 dé 5 1/4, 1/4 ni. Ẹ kó wọn jọ: 1/4, 2, àti 1/4, méjì ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ tilẹ̀ wo owó yẹn dáadáa, 2 750 jẹ́ ẹgbẹ̀rún 2 3/4. Ohun kan náà là ń sọ.

Ẹ ní kí Táyé máa bá yín gba owó níbi àkàrà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì (Kétu)

Mo kí gbogbo yín. CM2 ni mo kọ́ jù nínú iṣẹ́ mi, orí ọ̀rọ̀ yìí sì ni mo ti rí ọmọ tó sunkún jù. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Ohun tí aránṣọ sọ ni gbòǹgbò rẹ̀. Ohun tí àbúrò wa ti 6ème sọ náà tọ̀nà, mi ò bá a jà. Àmọ́ ẹ wo 48 1/6 − 19 3/4. Tí ọmọ bá sọ ọ́ di ìdá lásán, yóò bá 289/6 àti 79/4 pàdé, lẹ́yìn náà 578/12 àti 237/12. Àwọn nọ́ńbà yìí ti tóbi jù fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé odidi kan ló tú, 48 2/12 á di 47 14/12, yóò yọ 19 9/12, yóò rí 28 5/12, ó tán.

Mo ti fo nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n padà sí i. Níbo ni 12 ti wá? Ìdá mẹ́fà àti ìdá mẹ́rin kì í ṣe ègé kan náà, a ò sì lè yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, gẹ́gẹ́ bí a ò ṣe lè yọ ọsàn mẹ́ta kúrò nínú ìbẹ́pẹ kan. A ní láti gé méjèèjì sí ègé tó dọ́gba. Ẹ ka 6: 6, 12. Ẹ ka 4: 4, 8, 12. Orí 12 ni wọ́n ti pàdé. 1/6 di 2/12, 3/4 di 9/12. Àwọn ọmọ kan á kàn fi 6 lu 4, wọn á rí 24. Kò burú, ìdáhùn á bọ́ sí i, kìkì pé wọn á ní iṣẹ́ láti dín in kù lẹ́yìn náà.

Ohun tó ń da ọmọ wa láàmú jù lójú tèmi ni orúkọ. Faransé ń pe 1/3 ní "un tiers", ó ń pe 1/4 ní "un quart". Ọmọ tó gbọ́ "tiers" kò gbọ́ 3 níbẹ̀, ó ní láti há a sórí ni. Yorùbá ní "ìdá kan nínú mẹ́ta." Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀: wọ́n gé e sí mẹ́ta, o mú ọ̀kan. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, tí mo bá rí i pé ojú ọmọ ti ń ṣú, mo máa ń ní kó ka ìṣirò náà fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn. Mi ò lè ka iye ìgbà tí ìyẹn nìkan yanjú rẹ̀.

Yorùbá tún fi ohun mìíràn sí wa lọ́wọ́. Báwo la ṣe ń ka 17? Mẹ́tàdínlógún. A ò bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́wàá, orí ogún la dúró sí, a wá dín mẹ́ta. Ọmọ Yorùbá ti ń yọ nǹkan kúrò kó tó mọ ìwé. Ẹ wá lò ó fún 7 1/4 − 2 7/8. 2 7/8 yẹn, kí ni? Mẹ́ta ni, ó dín ní ìdá kan nínú mẹ́jọ. Nítorí náà ẹ yọ 3 kúrò nínú 7 1/4, ó ku 4 1/4. Ẹ ti yọ jù, ẹ ti fi 1/8 jẹ oníǹkan ní gbèsè. Ẹ dá a padà fún un: 4 1/4 pẹ̀lú 1/8, ìyẹn 4 2/8 pẹ̀lú 1/8, 4 3/8. Dídá padà yìí ni kí ẹ tẹnu mọ́, torí àwọn ọmọ kan á tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Tí Táyé bá mọ aago, ẹ lo aago pẹ̀lú. Láti wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 15, kó yọ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40. 15 kò tó yọ 40, yóò tú wákàtí kan sí 60, ó di 2 àti 75. Ó ku wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 35. Odidi tí a tú náà ni, orí 60 la gbé e sí dípò 4.

Alfa Àjàṣẹ́

As-salaamu alaykum. Níbi ogún pípín làwa ti ń rí èyí lójoojúmọ́. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó kan, ìyá rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san gbèsè rẹ̀, ìyàwó gba 1/8, ìyá gba 1/6, ọmọ gba ìyókù. Mélòó ni ìyókù? Ẹ ka 8: 8, 16, 24. Ẹ ka 6: 6, 12, 18, 24. Odidi jẹ́ 24/24. Ti ìyàwó 3, ti ìyá 4, ìyókù 17/24. Tí ẹni tó ń pín in bá ṣi ìdá kan, ẹ̀tọ́ ẹnì kan ló bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé kéwú mi pé kí wọ́n má ṣe fojú kékeré wo ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ya aṣọ àtijọ́ kan lálẹ́ àná, mo fi èédú fa ìlà sí i, èmi àti Táyé gé e. Nígbà tó tú odidi kan sí mẹ́rin, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ṣé ohun tó wà nínú ìwé yẹn nìyí?" Ó ti ṣe mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan péré ló ṣì.

Ó wá ku pínpín. Ó bi mí léèrè ohun tí mi ò lè dáhùn. Ó ní, "Màmá, tí a bá pín nǹkan, ṣé kì í dín kù ni? Kí ló dé tí wọ́n ní 6 ÷ 1/2 jẹ́ 12?" Ẹ gbà mí o. Nínú ilé ìbejì, pínpín kì í sọ nǹkan di púpọ̀.

Elépo Wàńdó

Ọ̀rọ̀ "pín" yìí ní ojú méjì, ibẹ̀ ló ti dà á láàmú. Tí mo bá pín epo lítà 6 fún èèyàn 2, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 3. Ìyẹn ni pínpín tó mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní lítà 6, tí mo sì ń rọ ọ́ sínú ìgò ààbọ̀ lítà, ìgò mélòó ni n ó wá? 12. Epo ò pọ̀ sí i o, lítà 6 náà ni. Ìgò ló pọ̀ torí pé ìgò ló kéré.

Ẹ gbàgbé "pín" fún ìgbà díẹ̀. Tó bá ti rí àmì ÷ yẹn, kó máa kà á pé "mélòó nínú èyí ló wà nínú ìyẹn?" 6 ÷ 1/2: ààbọ̀ mélòó ló wà nínú mẹ́fà? 3 1/2 ÷ 1/4: ìgò ìdá mẹ́rin mélòó ló máa kún látinú lítà mẹ́ta ààbọ̀? Lítà kan kún ìgò 4, mẹ́ta kún 12, ààbọ̀ kún 2. Ìgò 14. Ìyẹn ni mò ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ọjà, mi ò sì mọ̀ pé ìṣirò CM2 ni.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì (Kétu)

Elépo, ẹ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́. "Mélòó ló wà nínú rẹ̀" ni kókó.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wọ́n máa ní kí ọmọ dorí ìdá kejì kodò, kó wá sọ ọ́ di ìsọdipúpọ̀. Òótọ́ ni, ó sì yá. Ohun tó burú ni pé wọ́n máa ń há a sórí láì mọ ìdí, ìgbàgbé sì máa ń mú un lọ lọ́jọ́ ìdánwò. Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú odidi kan, ègé 1/4 mẹ́rin ló wà. Nítorí náà, pínpín sí 1/4 jẹ́ ìlọ́po 4. Tó bá wá jẹ́ 3/4 ńkọ́? Ègé 3/4 tóbi ju 1/4 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, iye tí a máa rí á dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà a fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, a sì fi 3 pín in. 4 bọ́ sókè, 3 bọ́ sísàlẹ̀: 4/3. Òun ni dídorí kodò yẹn.

Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù fún ọmọ tó ń bẹ̀rù ni èyí: ẹ sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan náà, bí a ṣe ń ṣe fún yíyọ kúrò. Ẹ wo 3 3/4 ÷ 1 1/2 ti Táyé. 3 3/4 jẹ́ 15/4. 1 1/2 jẹ́ 3/2, ìyẹn 6/4. Ègé kan náà ni gbogbo wọn báyìí, ìdá mẹ́rin-mẹ́rin. A ní 15, a ń kó o ní mẹ́fà-mẹ́fà. Mélòó? Mẹ́fà méjì jẹ́ 12, ó ku 3, 3 sì jẹ́ ààbọ̀ mẹ́fà. Méjì ààbọ̀. Ìdáhùn ni 2 1/2. Tí ẹ bá dorí kodò, 15/4 × 2/3 = 30/12, ibì kan náà lẹ máa já sí.

Táyé pín 3 sí 1, ó rí 3, ó wá pín ìdá sí ìdá lọ́tọ̀, ó rí 3/2, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo ibi tó ti ṣì í. 1 1/2 jẹ́ àpò kan ṣoṣo. Èèyàn ò lè ya 1 sọ́tọ̀ kó ya 1/2 sọ́tọ̀ nígbà tó bá ń wọn nǹkan sínú rẹ̀. Nínú ìròpọ̀ àti yíyọ kúrò, ó lè ya odidi sọ́tọ̀ kó ya ìdá sọ́tọ̀. Nínú pínpín, kó kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ìdá lásán, láìyẹ̀.

Ẹ ṣọ́ èyí fún mi, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà: ọmọ á dorí 1 1/2 kodò láì tíì sọ ọ́ di 3/2, á kọ 1 2/1. Òmíràn á dorí ìdá àkọ́kọ́ kodò dípò èkejì. Kó tó kọ nǹkan kan, ẹ bi í pé: ìdáhùn á ju 1 lọ àbí kò ní tó 1? 3 3/4 ju 1 1/2 lọ, ó gbọ́dọ̀ ju 1. Ó tún ju mẹ́ta lọ bí? Mẹ́ta 1 1/2 jẹ́ 4 1/2, ó ti ju 3 3/4 lọ. Nítorí náà ìdáhùn wà láàárín 1 àti 3. 3 3/2 tó kọ yẹn, kò ní láti dúró de olùkọ́ kó tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń kà á láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ 6ème yẹn ní ìbéèrè kan. Mo ní pákó mítà 4. Mo fẹ́ gé e sí ègé mítà 3/4 fún pẹpẹ ìwé. Ègé mélòó ni n ó rí, mélòó ló máa ṣẹ́kù?

Akẹ́kọ̀ọ́ 6ème (Àjàṣẹ́)

4 ÷ 3/4 = 4 × 4/3 = 16/3 = 5 1/3. Ègé 5, ó sì ku mítà 1/3.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ṣábẹ̀ẹ́

O káre, àbúrò, 5 1/3 tọ̀nà. Ṣùgbọ́n dúró ná. Mo gé e ní tòótọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo gé ègé karùn-ún tán, mo gbé mítà lé èyí tó ṣẹ́kù. Sẹ̀ǹtímítà 25 ni. Mítà 1/3 ì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 33 ó lé díẹ̀. Ta ló jí sẹ̀ǹtímítà 8 mi?

Kò sẹ́ni tó jí i. Ka ìbéèrè náà bí ìyá elépo ṣe ní ká máa kà á: ègé 3/4 mélòó ló wà nínú mítà 4? Ègé márùn-ún, àti ìdá kan nínú mẹ́ta ègé. Ìdá mẹ́ta kí ni? Ìdá mẹ́ta ÈGÉ, kì í ṣe ìdá mẹ́ta mítà. Ègé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 25. Ó bá mítà mi mu.

Orí èyí ni mo ti fi igi ṣòfò nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́. Mo ṣírò, mo rí 1/3, mo lọ sọ fún ọ̀gá mi pé igi tó ṣẹ́kù á tó fún ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kò tó. Igi ti gé, ayùn kò ní ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti rí ìdá níbikíbi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi ni: ìdá kí ni? Tó o bá fẹ́ mọ iye mítà tó ṣẹ́kù, yọ ọ́ kúrò ni. Ègé 5 lọ́nà 3/4 jẹ́ 15/4, ìyẹn 3 3/4. 4 − 3 3/4 = 1/4. Yíyọ kúrò ló ń yẹ pínpín wò.

(Ẹnu ayùn náà ń jẹ díẹ̀ nínú igi nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá gé e. Ilé ẹ̀kọ́ kì í ka ìyẹn. Níbi iṣẹ́, ẹ kà á o.)

Akẹ́kọ̀ọ́ 6ème (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo gba CEP, mi ò mọ èyí rí. Mo padà wo ìwé mi ti ọdún tó kọjá, mo rí i pé ìbéèrè tó béèrè ìyókù ni mo máa ń pàdánù.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì (Kétu)

Gbẹ́nàgbẹ́nà, mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún gbọọrọ, mi ò rí ẹni tó là á báyìí rí. Ìyá Ìbejì, ẹ kọ "ìdá kí ni?" sí iwájú ìwé Táyé. Kó kọ orúkọ nǹkan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìdáhùn: mítà, lítà, ègé, ìgò. Nọ́ńbà tí kò ní orúkọ ló máa ń tan ọmọ jẹ.

Aránṣọ Kétu

Mo ka ti igi yìí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lónìí, a pa iṣẹ́ tì fún bíi wákàtí kan. Ọ̀kan nínú wọn ní aṣọ ọ̀pá 6, bùbá kan ń gba 1 3/4, ó fẹ́ mọ iye bùbá tó máa jáde. Ó sọ wọ́n di 24/4 àti 7/4. Mẹ́ta, ó ku ìdá mẹ́ta nínú méje. Mo ní, "Ìdá mẹ́ta nínú méje kí ni?" Ó ní, "Bùbá." Mo ní, "Ọ̀pá mélòó nìyẹn?" Ó wọn án lórí aṣọ, ó ní 3/4. Inú mi dùn débi pé mo ra mááńgòrò fún gbogbo wọn.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú àná o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí.

Okùn kan wà lẹ́yìnkùlé tí a fi ń sá aṣọ. Kẹ́hìndé fi mítà aránṣọ wọn ọ́n, ó ní mítà 7 1/2. Ó bi Táyé pé tí a bá ní ká gé e sí ègé mítà 2 1/4, mélòó la máa rí. Táyé ò sá. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ìka kọ ọ́ sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀: 30/4, 9/4. Ó ń kà á jáde ní Yorùbá, mo ń gbọ́ ọ láti ìdí agbada. "A ní ọgbọ̀n, à ń kó o ní mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án. Mẹ́ta, ó ku mẹ́ta. Mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án, ìdá kan nínú mẹ́ta." Ó kọ 3 1/3.

Kẹ́hìndé ní, "Ó ku mítà ìdá mẹ́ta nìyẹn."

Táyé ní, "Ìdá mẹ́ta kí ni?"

Mo gbé síbí kalẹ̀. Ó dìde, ó mú òwú pupa, ó so ó mọ́ okùn ní 2 1/4, ó so ó ní 4 1/2, ó so ó ní 6 3/4. Ó wá wọn èyí tó ṣẹ́kù láti òwú kẹta dé ìdí òpó, ó ka nọ́ńbà náà, ó sì pariwo rẹ̀ débi tí ará ilé kejì fi yọjú. Gbẹ́nàgbẹ́nà Ṣábẹ̀ẹ́, ó ní kí n bi yín bóyá sẹ̀ǹtímítà 75 ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ṣábẹ̀ẹ́

75 ni. Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé tí ìdánwò bá ti kọjá, kó wá lo ọlidé ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní ìdí iṣẹ́ mi, n ó fún un ní mítà tirẹ̀.